Ìbéèrè Ni Iṣẹ́ Aṣòfin: Ẹ̀kọ́ Ọdún 36 Tí Helen Suzman Lò Nílé Ìgbìmọ̀

Bí aṣòfin kan bá pẹ́ nílé ìgbìmọ̀ lórílẹ̀-èdè wa, ohun tí a sábà máa ń kà mọ́ ọn lára ni iye kànga tó gbẹ́, iye tiransifọ́mà tó gbé wá sí àdúgbò, àti iye ọ̀kadà àti ẹ̀rọ ìránṣọ tó pín fún àwọn ọ̀dọ́ àti obìnrin ẹkùn rẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀, a ó ní ó gbìyànjú, kó padà lọ. Bí wọn ò bá pọ̀, a ó ní ṣe ló kàn lọ jókòó síbẹ̀ lásán. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ará ìlú fẹ́ omi tó mọ́ àti iná tí kì í ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀, gómìnà àti àwọn mínísítà ni iṣẹ́ wọ̀nyẹn já lé léjìká. Iṣẹ́ tí òfin gbé fún aṣòfin ni pé kó ṣòfin, kó sì máa bi àwọn tó ń ṣàkóso léèrè ohun tí wọ́n ń fi agbára ìlú àti owó ìlú ṣe. Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé ìbéèrè tí aṣòfin bi ìjọba, ìbò tó dì ní gbangba, àti ibi tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé láti lọ wo òótọ́, ni òṣùwọ̀n tó yẹ ká fi wọn gbogbo ọdún tó bá lò. Ẹ̀rí tí a mú wá ni ti Helen Suzman, obìnrin aláwọ̀ funfun tó lo ọdún 36 nílé aṣòfin Gúúsù Áfíríkà, láti 1953 títí di 1989, lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. A mú un nítorí pé nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ṣèjọba rí, kò sì sí nǹkan ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè pín fún ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ló ní.

Ìlú Germiston, nítòsí Johannesburg, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1917. Júù ni àwọn òbí rẹ̀, Lithuania ni wọ́n ti ṣí wá, ìyá rẹ̀ sì kú láìpẹ́ sígbà tó bí i. Ó kàwé ní Yunifásítì Witwatersrand, ó fẹ́ oníṣègùn kan, Moses Suzman, ní 1937, wọ́n bí ọmọbìnrin méjì, ó sì padà sí yunifásítì náà láti máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn ọrọ̀ ajé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òṣèlú ti wọ̀ ọ́ lára. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Fagan kalẹ̀ láti yẹ àwọn òfin tó de aláwọ̀ dúdú nígboro wò, Suzman sì wà lára àwọn tó bá àjọ South African Institute of Race Relations kó ẹ̀rí jọ fún ìgbìmọ̀ náà. Nínú iṣẹ́ yìí ló ti rí bí òfin ṣe ń tú ilé onílé ká: ọkọ ń ṣiṣẹ́ nígboro, òfin kò sì jẹ́ kí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ bá a gbé ibẹ̀. Ní 1948, National Party gba ìjọba, ó sì sọ ẹlẹ́yàmẹ̀yà di ètò ìlú. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, àwọn ará Houghton, àdúgbò àwọn ọlọ́lá ní Johannesburg, dìbò yan Suzman lábẹ́ àsíá United Party. Ìwà olùkọ́ tí kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìrí ẹ̀rí ló gbé wọ ilé náà, ìwà yẹn kò sì fi í sílẹ̀ títí tó fi jáde.

Kò pẹ́ tó fi hàn pé ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé kò ní agbára àtijà. Ní 1959, òun àti aṣòfin 11 mìíràn fi United Party sílẹ̀, wọ́n dá Progressive Party sílẹ̀. Ìdìbò 1961 gbá gbogbo wọn dànù àfi òun nìkan, ìbò 564 péré ló sì fi borí. Láti ìgbà náà títí di 1974, ọdún 13 gbáko, òun nìkan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ilé tí àwọn ọmọ rẹ̀ lé ní 150, ilé tí aláwọ̀ dúdú kankan kò lè wọ̀, tí kò sì lè dìbò yan ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Bó bá dìde, wọ́n á hó lé e lórí. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 1966, ìránṣẹ́ ilé kan gún olórí ìjọba, Hendrik Verwoerd, pa nínú gbọ̀ngàn náà gan-an. Lójú ẹsẹ̀ ni P.W. Botha, tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò nígbà náà, yíjú sí Suzman, ó nàka sí i pé òun àti àwọn tó ń ronú bíi tirẹ̀ ló fà á. Suzman kò gbà, ó ní dandan ni kó tọrọ àforíjì, Botha sì tọrọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ì bá ti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n padà sílé ọkọ wọn lọ jẹun. Òun kò lọ.

Kí ni ẹnì kan ṣoṣo lè ṣe nínú irú ilé bẹ́ẹ̀? Ìlànà ilé náà, tí wọ́n jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fún ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan láyè láti kọ ìbéèrè sí mínísítà, kí mínísítà dáhùn, kí wọ́n sì tẹ ìdáhùn náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé. Àyè yìí ni Suzman dì mú. Èèyàn mélòó ni ọlọ́pàá mú lọ́dún tó kọjá nítorí ìwé ìrìnnà tí òfin ní kí aláwọ̀ dúdú máa gbé kiri? Mélòó ló wà ní àtìmọ́lé láìfojú ba ilé ẹjọ́? Àwọn wo ló kú síbẹ̀, kí ló sì pa wọ́n? Mélòó ni wọ́n nà lẹ́gba nípa àṣẹ adájọ́? Ìdílé mélòó ni wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ wọn, ibo ni wọ́n sì kó wọn lọ? Bó ṣe ń bèèrè lọ́dọọdún ni ìjọba ń fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ lọ́dọọdún. Láti inú irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni ayé ti mọ̀ pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ń kó lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún kan nítorí ìwé ìrìnnà. Kò sí ẹni tó lè pè é ní àhesọ, nítorí pé mínísítà ló kà á jáde. Akọ̀ròyìn, agbẹjọ́rò, ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ lókè òkun gbé e láti ibẹ̀, wọ́n sì fi jà. Nígbà tí mínísítà kan bínú sí i pé ìbéèrè rẹ̀ ń dójú ti Gúúsù Áfíríkà lẹ́yìn odi, ó dá a lóhùn pé kì í ṣe ìbéèrè òun ló ń dójú tì í, ìdáhùn tí wọ́n ń fún òun ni.

Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe pa aráyé lẹ́nu mọ́ nígbà náà kò ní mọ iyì ohun tó ṣe. Òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n ti 1959 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ tí kò jóòótọ́ nípa ẹ̀wọ̀n jáde, ọrùn ìwé ìròyìn ló sì gbé e kọ́ láti fi hàn pé òun ṣe ìwádìí tó. Ní 1965, ìwé ìròyìn Rand Daily Mail tú àṣírí ìyà tó ń jẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Wọ́n wọ́ olóòtú rẹ̀, Laurence Gandar, àti akọ̀ròyìn Benjamin Pogrund lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì dá wọn lẹ́bi ní 1969. Ọ̀rọ̀ tí aṣòfin bá sọ nínú ilé yàtọ̀: ẹnikẹ́ni kò lè pè é lẹ́jọ́ lórí rẹ̀, ìwé ìròyìn sì lè tẹ̀ ẹ́. Ẹnu Suzman wá di ẹnu àwọn tí òfin ti gba ẹnu lọ́wọ́ wọn. Lẹ́tà ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n, láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyàwó tí wọn kò mọ ibi tí ọkọ wọn wà, láti ọ̀dọ̀ àwọn ìdílé tí wọ́n kó dà sínú igbó. Àwọn tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò fún un di ẹkùn rẹ̀ kejì, ẹkùn tó tóbi ju Houghton lọ lọ́nà púpọ̀. Kì í sì í fi lẹ́tà nìkan sọ̀rọ̀. Ó máa ń lọ síbi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀, kó fojú ara rẹ̀ rí i, kó tó dìde.

Ìbẹ̀wò rẹ̀ sí Erékùṣù Robben ní 1967 fi bí iṣẹ́ yìí ṣe rí hàn kedere. Nelson Mandela àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti 1964, wọ́n ń fọ́ òkúta, wọ́n ń gbẹ́ ẹfun. Nígbà tí Suzman wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí yàrá wọn wà, tí àwọn ọ̀gá ẹ̀wọ̀n tẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀ láti yàrá àkọ́kọ́. Èsì tó gbà ni pé kó lọ bá Mandela, ó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun ló máa sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn. Mandela dìde, ó sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀gá náà láìfi nǹkan kan pamọ́: oúnjẹ tí wọ́n ń fi àwọ̀ pín, aṣọ tí kò tó, ìwé ìròyìn tí wọn kò gbọ́dọ̀ fojú kàn, àti wọ́dà kan tó fín àmì ẹgbẹ́ Hitler sí apá, tó sì ń ṣe wọ́n bí ẹni tó gba àmì yẹn gbọ́. Suzman padà, ó lọ bá mínísítà, ó ní bí wọn kò bá gbé wọ́dà yẹn kúrò, òun yóò dìde sọ ọ́ nínú ilé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e kúrò. Nǹkan kan ṣoṣo ló fi dẹ́rù bà wọ́n, ìyẹn ni pé òun lè bèèrè ní gbangba.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ni wọ́dà kan tí wọ́n gbé kúrò lè tún ṣe, nígbà tí òfin ń gorí òfin. Igi kan kò lè dá igbó ṣe. Òótọ́ ni pé wọ́n ń fi ìbò bò ó mọ́lẹ̀. Ní 1963, B.J. Vorster, mínísítà ètò ìdájọ́, gbé òfin wá pé kí ọlọ́pàá lè ti èèyàn mọ́lé fún 90 ọjọ́ láìgbé e lọ sílé ẹjọ́. United Party, tó pe ara rẹ̀ ní alátakò, dìbò pẹ̀lú ìjọba. Suzman nìkan ló dìbò pé rárá. Inú òfin yẹn kan náà ni wọ́n ti rí abala tí wọ́n fi dá Robert Sobukwe, olórí ẹgbẹ́ PAC, dúró sí Erékùṣù Robben lẹ́yìn tó ti ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta rẹ̀ tán. Ọdọọdún ni ilé ń sọ abala náà dọ̀tun, títí di 1969. Ní 1965, 90 ọjọ́ di 180. Ní 1967, òfin mìíràn tí wọ́n ní àwọn apániláyà ni wọ́n ṣe é fún mú ààlà kúrò pátápátá. Suzman ta ko gbogbo wọn, gbogbo wọn ló sì kọjá. Ṣùgbọ́n ìbò kan yẹn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ lẹ́yìn ọ̀la pé gbogbo ilé ló fohùn ṣọ̀kan, tàbí pé kò sẹ́ni tó kìlọ̀. Ibí yìí gan-an ni àǹfààní pípẹ́ wà. Mínísítà ń lọ, mínísítà ń bọ̀, ọmọ ilé tuntun kò mọ ohun tí wọ́n ṣèlérí lánàá. Ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ní 90 ọjọ́ lè tọ́ka sí ojú ìwé tí wọ́n ti sọ ọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, àmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti kọ òtítọ́ náà sílẹ̀ kó tó lè bá a.

Ẹ̀sùn kejì wúwo ju èyí lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jà lábẹ́lẹ̀ àti lókè òkun sọ pé ilé tí aláwọ̀ funfun nìkan ń wọ̀ kì í ṣe ilé ìgbìmọ̀ rárá, pé bí Suzman ṣe jókòó síbẹ̀ fún ọdún 36 ló ń jẹ́ kí ìjọba náà lè máa pe ara rẹ̀ ní ìjọba tiwantiwa tó fàyè gba alátakò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfọwọ́rọ́ tì. Ìjọba a máa fi í yangàn lóòótọ́ bó bá wù wọ́n. Ṣùgbọ́n bí Suzman bá ti kúrò níbẹ̀ ní 1961, ilé náà kì bá tí ì wó. Yóò kàn máa ṣe òfin rẹ̀ lọ ní ìdákẹ́jẹ́ ni. Lórí ọ̀rọ̀ bóyá wíwà níbẹ̀ rẹ̀ ṣàǹfààní, ẹ̀rí àwọn tí ìyà jẹ gan-an ló yẹ kó léwájú. Àwọn ló ń kọ lẹ́tà sí i. Mandela kò sì gbàgbé: nígbà tó fọwọ́ sí ìwé òfin tuntun orílẹ̀-èdè náà ní Sharpeville, ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 1996, Suzman wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

A kò sọ pé ó tọ̀nà nínú ohun gbogbo. Nígbà tí wọ́n dá Progressive Party sílẹ̀, ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí aláwọ̀ dúdú tó kàwé tàbí tó ní dúkìá dé ìwọ̀n kan nìkan dìbò. Ọdún 1978 ni ẹgbẹ́ náà tó jáwọ́ nínú rẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni, nítorí pé ẹ̀tọ́ ìbò kì í ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tó bá yege ìdánwò. Lórí ọ̀rọ̀ kí ayé dá òwò dúró pẹ̀lú Gúúsù Áfíríkà, ó ta kò ó, ó ní àwọn òṣìṣẹ́ dúdú ni ebi yóò kọ́kọ́ pa. Àwa ará Nàìjíríà ní ìdí láti rántí àríyànjiyàn yìí, nítorí pé Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ àti Malcolm Fraser ti Ọsirélíà ni alága ìgbìmọ̀ àwọn èèyàn pàtàkì tí Commonwealth rán lọ síbẹ̀ ní 1986. Ọbásanjọ́ fojú kan Mandela ní ẹ̀wọ̀n Pollsmoor. Ìgbìmọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ọmọ ogun Gúúsù Áfíríkà lọ kọ lu Lusaka, Harare àti Gaborone, ìjíròrò sì fọ́. Ìgbìmọ̀ náà dá a lábàá pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ajé fún ìjọba náà lọ́rùn. A gbà pé Ọbásanjọ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló tọ̀nà, Suzman ló ṣì í. Síbẹ̀, ẹ wo ibi tí àwọn tó ń pè fún ìdènà òwò ti rí púpọ̀ nínú ẹ̀rí tí wọ́n fi jà: nínú ìdáhùn sí irú ìbéèrè tí Suzman ń bèèrè. Aṣòfin lè ṣi èrò gbé lórí ọ̀ràn kan, kí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wúlò fún àwọn tí wọn kò gba èrò rẹ̀. Ẹ̀rí tó tú síta di ti gbogbo ayé.

Ẹ̀sùn kẹta ni ti pípẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣé kò yẹ kí òfin dá ààlà sí iye ọdún tí ẹnì kan lè lò nílé ìgbìmọ̀, kí ẹlòmíràn náà lè dé ibẹ̀? Ẹni tó bá wo bí àwọn kan ṣe ń sọ àga ìlú di ogún bàbá wọn yóò gbà pé ìbéèrè náà tọ́. Ó tún rọrùn láti sọ pé Suzman ní ọkọ tó lówó, ó sì ní ẹkùn tí ebi kò pa. Ṣùgbọ́n ìbò 564 ti 1961 kì í ṣe àga tó dájú, àwọn ará Houghton sì ní àyè láti lé e dànù ní gbogbo ìgbà tí ìdìbò bá dé. Wọ́n mọ ohun tó ń sọ nílé, wọ́n rí i kà nínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì tún ń yàn án. Ní 1974, Colin Eglin àti àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé wá bá a. Ní 1977, ẹgbẹ́ wọn di olórí alátakò. Ní 1989, ó fúnra rẹ̀ kúrò, Tony Leon sì gba àga náà. Pípẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe oyè. Ọdún 36 tí ìbéèrè kún inú rẹ̀ ṣàǹfààní fún ìlú, ọdún mẹ́rin tí aṣòfin kò la ẹnu nínú rẹ̀ sì ti pọ̀ jù.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn tó kúrò nílé fi hàn pé ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ìjà ẹgbẹ́ òṣèlú lásán. Ó wà lára àwọn tó bójú tó ìdìbò 1994, ó sì sìn nínú àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí ìjọba àwọn tó ti gbẹnu sọ fún tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí ọ̀rọ̀ àrùn Éèdì àti lórí Zimbabwe, kò tìtorí ọ̀rẹ́ dákẹ́. Ó kú ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009, ní ẹni ọdún 91.

Kí wá ni tiwa nínú èyí? Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún aṣòfin wa ní agbára tí Suzman kò ní rí. Apá 88 fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ní agbára láti ṣèwádìí ohun tí àwọn aláṣẹ ń ṣe, kó lè tú ìwà ìbàjẹ́ àti ìfowóṣòfò síta. Apá 128 fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní irú agbára kan náà. Ohun tó ṣẹ́kù ni kí a mọ ẹni tó ń lò ó àti ẹni tí kì í lò ó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohùn ni wọ́n fi ń dìbò: àwọn tó fara mọ́ ọn á ké, àwọn tí kò fara mọ́ ọn á ké, olórí ilé á lu òòlù rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ará ìlú kò ní mọ ibi tí aṣojú rẹ̀ dúró sí. A mọ̀ pé Suzman nìkan ló dìbò lòdì sí òfin 90 ọjọ́ nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, a ń béèrè pé kí ilé méjèèjì l'Ábújá àti àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wa máa ka ìbò ní orúkọ-orúkọ lórí gbogbo òfin àti ìnáwó pàtàkì, kí wọ́n sì máa tẹ orúkọ wọ̀nyẹn àti ìbéèrè tí aṣòfin kọ̀ọ̀kan bá bèèrè jáde. Apá 55 nínú òfin wa fàyè gba Yorùbá nílé ìgbìmọ̀ àpapọ̀. Ẹ jẹ́ kí àkọsílẹ̀ náà wà ní Yorùbá pẹ̀lú, kí ìyá olóúnjẹ àti bàbá àgbẹ̀ lè kà á.

Kí a tó rí gbogbo ìyẹn gbà, olùdìbò ní ohun tó lè ṣe láti òní lọ. Bí aṣòfin tó ti pẹ́ bá tún wá bẹ̀ ọ́ lọ́wẹ̀ ìbò, gba ohun tó bá pín bó bá wù ọ́, ẹ̀tọ́ rẹ ni, owó ìlú náà ni. Lẹ́yìn náà, bi í pé: òfin wo lo ta kò, kí ló dé tí o fi ta kò ó? Mínísítà tàbí kọmíṣánnà wo lo bi léèrè nípa owó wa, kí ló sì fi dá ọ lóhùn? Ẹ̀wọ̀n, ilé ìwòsàn tàbí ilé ẹ̀kọ́ wo lo fi ẹsẹ̀ ara rẹ dé láti lọ wo òótọ́? Èwo nínú àwọn tí kò lè dìbò fún ọ lo gbẹnu sọ fún? Aṣòfin tí kò bá lè dáhùn, ì báà ti lo ọdún mẹ́rin tàbí ogún, kò ṣe iṣẹ́ tí a rán an, ẹlòmíràn ló yẹ kí a fi ìbò wa yàn.